Ọjọ́ Tí Zebiniso Lọ Fi Ẹnu Ṣe Ìdánwò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, ẹ ká ẹsẹ̀ kò kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ráàyè. Ẹni tí ọmọ ń ké lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi ọmú sí i lẹ́nu. Ẹni tó ń pa kóró èso jẹ, kó rọra máa pa á, torí ìtàn yìí ò fẹ́ ariwo méjì, ariwo tirẹ̀ ti tó o. Kì í ṣe ìtàn ọba, kì í ṣe ìtàn ẹranko. Ọmọbìnrin kan ló ni ín, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ń ṣàn bí odò nínú ilé, tó wá ń gbẹ bí àpáta bí àjèjì bá ti bi í ní ìbéèrè.

Zebiniso ni wọ́n ń pè é. Ní ìlú àtijọ́ Bukhara ló wà, ní àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà, nínú agbo-ilé tí igi eléso kan tí wọ́n ń pè ní tut dúró sí láàárín. Ó fẹ́ di amọ̀nà fún àwọn àlejò tó ń ti Sípéènì àti Mẹ́síkò wá wo àwọn mọ́sáláṣí àtijọ́. Ó ti kọ́ èdè Sípáníìṣì títí ó fi ń fi í lálàá. Òun ló fi ń bá ológbò wí. Òun ló fi ń bá àlùbọ́sà jà nígbà tó bá ń gé e, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àmọ́ ẹni tí yóò gba ìwé àṣẹ amọ̀nà gbọ́dọ̀ jókòó níwájú olùdánwò, kó fi ẹnu sọ ọ́, kì í ṣe kó fi kálàmù kọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Nígbà àkọ́kọ́ tí Zebiniso jókòó síbẹ̀, wọ́n bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n bi í pé ibo ló ń gbé, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n wá bi í pé ṣé ara rẹ̀ yá, ó ní, "Rárá." Òtítọ́ kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Wọ́n ní kó máa lọ ilé.

*Ahọ́n dà? Ahọ́n ò sí nílé,*
*Ó gbúròó àlejò, ó gbọ̀nà ẹ̀yìn.*
*Eyín dà? Eyín wà, ó ń gbọ̀n,*
*Ètè nìkan ló kù, kò mọ ohun tí yóò sọ.*

Bàbá rẹ̀, Rustam, tó ń fi òòlù lu àwo bàbà láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kì í ṣe elọ́rọ̀ púpọ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní, "Zebi, lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí o bá tún padà wá lọ́wọ́ òfo, o ó kó ìwé Sípáníìṣì yẹn sórí pẹpẹ, o ó lọ bá àǹtí rẹ níbi tí wọ́n ti ń fi òwú wúrà ṣiṣẹ́ sára aṣọ. Àgbàlagbà ọmọ kì í fi gbogbo ayé bá ológbò sọ̀rọ̀."

Kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ òwú wúrà. Aṣọ ìyàwó ni wọ́n ń fi í ṣe, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ àǹtí yẹn dákẹ́ bí itẹ́ òkú. Àǹtí náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni la ẹnu, kí abẹ́rẹ́ má baà ṣìnà. Kí Zebiniso, ẹni tó ń bá àlùbọ́sà sọ̀rọ̀, lọ tẹ orí mọ́ abẹ́rẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ láìgbọ́ ohùn ara rẹ̀!

Ó lọ bá Tíṣà Komil tó kọ́ ọ ní èdè náà. Tíṣà fọwọ́ họ irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Èdè ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ojú èèyàn ló ń dẹ́rù bà ọ́. Bí o bá délé, wá èèyàn tí yóò jókòó níwájú rẹ, kó máa wò ọ́, kí ìwọ náà máa wò ó lójú, kí o máa sọ̀rọ̀. Bí àyà bá ń já ọ, rọra mí sínú, rọra mí síta. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù, má jókòó ti ọ̀nà máa ṣọ́ ọ, fi òmíràn rọ́pò rẹ̀."

Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Àṣìṣe tí Zebiniso ṣe ni pé ó lọ sọ ọ́ létí ìyá bàbá rẹ̀.

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ìyá yìí ní Bibi Hosiyat, torí Bibi là ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Bibi kúrú, ó sanra, ó máa ń kọrin bó bá ń fọ abọ́, ó sì gbà pé kò sí ohun tó le láyé yìí bí òun bá ti dá sí i. "Èèyàn lò ń wá?" ni Bibi wí, tó sì ti ń de gèlè rẹ̀. "Ṣé nítorí èèyàn lo ṣe ń dààmú báyìí? Èèyàn kọ́ ló wọ́n wa nílé yìí, ọmọ mi."

Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n, àwọn obìnrin ti kún orí pèpéle onígi tó wà lábẹ́ igi tut. Àǹtí Muazzam tó ń gbé nílé kejì gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá. Wọ́n lọ mú Bobo Shokir, bàbá àgbà kan tó wa ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìn tì, wọ́n ní òun ni yóò ṣe olùdánwò, torí ó ní jígí ojú, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tó gbọ́ gbólóhùn kan ní Sípáníìṣì.

"Bẹ̀rẹ̀," ni Bobo Shokir wí.

Zebiniso mí sínú, ó mí síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ẹbí rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni bàbá náà gbé ọwọ́ sókè.

"O ti féèlì."

"Bobo, báwo ni mo ṣe féèlì? Ẹ ò gbọ́ nǹkan tí mò ń sọ!"

"Mi ò gbọ́ ọ, àmọ́ mò ń wò ọ́. O ranjú mọ́ mi bí ẹni tí mo jí àgùntàn rẹ̀ gbé."

"Tíṣà ló ní kí n máa wojú ẹni tó ń bi mí."

"Tíṣà wo?" ni Bibi bèèrè. "Ọmọ ta ni? Ṣé kò ní ìyá nílé ni?"

Àǹtí Muazzam mi orí. "Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Kò bi bàbá pé báwo ni ara. Kò bèèrè ìyá ẹ̀, kò bèèrè ọmọ ẹ̀. Ó jókòó síwájú àgbàlagbà, ó ń da ọ̀rọ̀ ẹbí tiẹ̀ sílẹ̀ gbà-ràrà-rà bí ọkọ̀ tó dà nù."

"Àǹtí, ìdánwò ni! Òun ni yóò bèèrè, èmi ni n ó dáhùn!"

"Hẹn-ẹn. Ṣé ìdánwò ló ní kéèyàn má lẹ́kọ̀ọ́ ilé?"

Zebiniso pa ojú dé. Ó ṣí i. Kí àlàáfíà lè wà, ó tẹ orí ba, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó sì fi Sípáníìṣì bi Bobo Shokir pé báwo ni ìyá rẹ̀.

"Kí ló sọ yẹn?" ni Bobo bèèrè.

"Mo ní báwo ni ìyá yín ṣe wà."

Bàbá náà bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Ìyá mi," ó ní, "ìyá mi tí wọ́n sin nígbà tí mo wà lójú irin, tí mi ò tilẹ̀ rí ojú rẹ̀..." Ló bá bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ṣàdúrà fún òkú, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ẹnì kan sáré lọ gbé búrẹ́dì wá. Wọ́n wá ń sọ bí ìyá Bobo ṣe máa ń se ọbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń fa ọ̀rọ̀ yọ. Zebiniso jókòó sí igun pèpéle, ó fi ọwọ́ lẹ́rán. Ìdánwò ti di ilé òkú.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí ọjọ́ ìdánwò fi sún mọ́. Bí ó bá ti la ẹnu, ẹnì kan ní oògùn. Àǹtí Muazzam ní ojú burúkú ló so ahọ́n ọmọ náà, ó dáná sí ewé isiriq, ó gbé èéfín rẹ̀ yí i lórí ká títí ikọ́ fi fẹ́ gbé e lọ. Bibi ní ahọ́n tó bá gbẹ, adùn ló ń wá, ó ki òkúta ṣúgà kan bí ìka àtàǹpàkò sí i lẹ́nu, ó ní kó máa fi í sọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹni tó fi òkúta sẹ́nu, tó tún fẹ́ pe lẹ́tà r Sípáníìṣì tó ń yí gbirigbiri létí ahọ́n! Itọ́ ń ṣàn sí i lágbọ̀n, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ," ni Àǹtí Muazzam wí. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún nìyẹn? Kí ló ṣe wọ́n?"

Zebiniso tu ṣúgà náà sọ́wọ́. "Ó tó! Ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ̀yin lẹ̀ ń bẹ̀rù fún mi ni, àbí ẹ̀yin gan-an ni mò ń bẹ̀rù? Olùdánwò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ ti sọ ọ́ di odidi àdúgbò!" Ó gun àkàbà lọ sórí òrùlé, ó fa àkàbà náà tẹ̀ lé ara rẹ̀. Níbẹ̀, láàárín aṣọ tí wọ́n sá, ó fi Sípáníìṣì bú gbogbo wọn, láti orí Bobo Shokir dé orí ológbò, ohùn rẹ̀ ń lọ geere.

Bibi dúró nísàlẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú. "Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ ọ́! Ẹ gbọ́ ọmọ yìí! Ó mọ̀ ọ́n! Aṣọ tí wọ́n sá lókè yẹn ń gbọ́ ọ, èèyàn ò lè gbọ́ ọ. Èyí ni yóò sọ mí di wèrè."

Nígbà tí àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò mọ́, Rustam gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Àǹtí rẹ ti nu àga kan sílẹ̀ dè ọ́ o." Lójú tirẹ̀, ó ti fi ọkàn ọmọ balẹ̀.

Zebiniso wọ bàtà. Bó ṣe gbójú sókè, Bibi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn ọlọ́dún.

"Bibi, ẹ ò ní bá mi lọ."

"Ta ló ń bá ọ lọ? Ṣé ìwọ lo ni títì ni? Mo fẹ́ na ẹsẹ̀."

"Ẹ na ẹsẹ̀ gba apá ibòmíràn."

"Apá ibòmíràn kì í na ẹsẹ̀ mi dáadáa."

Wọ́n jọ lọ. Bibi ti sọ fún gbogbo ayé tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì fi ọwọ́ lé àyà, ó ní kí Ọlọ́run tú ahọ́n rẹ̀. Ẹni tó ń gbá títì fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ṣàdúrà. Bàbá kan lórí kẹ̀kẹ́ kígbe pé, "Ṣé ọmọ tó máa ń dákẹ́ yẹn nìyí?" Kí wọ́n tó dé ibi ìdánwò, àyà Zebiniso ń dún kì-kì-kì, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja inú omi. Bibi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá géètì. Ọmọ wọlé.

Obìnrin kan ló jókòó sẹ́yìn tábìlì, irun rẹ̀ ti ń funfun, ojú rẹ̀ tutù. Remedios lorúkọ rẹ̀, láti Sípéènì ni wọ́n ti pè é wá, kò sì tíì pẹ́ tó dé ìlú. Ọkùnrin kan jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá, kì í sọ̀rọ̀, máàkì nìkan ló ń kọ. Wọ́n gbé ìkòkò tíì àti abọ́ tíì sórí tábìlì, bí wọ́n ti ń ṣe níbi gbogbo.

"Káàbọ̀," ni Màdáámù Remedios wí ní èdè rẹ̀. "Sọ fún mi nípa ìlú rẹ."

Ìbéèrè wo ló tún rọrùn ju ìyẹn lọ? Zebiniso la ẹnu. Ìlú rẹ̀ kò jáde. Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Ó rántí pé kí òun mí, ó mí sínú wùù, ó mí jù, òsúkè bá gbé e. "Ìlú mi," ó ní. Hìk. "Ìlú mi ni..." Hìk. Òógùn ń bọ́ níwájú orí rẹ̀. Ọkùnrin inú kọ̀rọ̀ kọ nǹkan kan. Inú bí Zebiniso sí ahọ́n ara rẹ̀ débi pé bó bá rí i fà yọ, ì bá fà á yọ, kó gbá a létí.

Àánú rẹ̀ ṣe Màdáámù. "Má bẹ̀rù, ọmọ mi," ó ní. "Mu tíì díẹ̀ ná, kí ọkàn rẹ balẹ̀." Ó gbé ìkòkò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu tíì sínú abọ́. Ó bu títí abọ́ fi dé ìdajì, kò dúró. Ó bu kọjá ìdajì, kò dúró. Ó bu ú títí ó fi kún dénu, títí ó fi ṣàn sórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tì í síwájú ọmọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti mu tíì ní Bukhara rí, mo mọ̀ pé ẹ ti ń di ẹnu mú. Níbẹ̀, ẹni tí a fẹ́ràn, díẹ̀ là ń bù fún un, kó lè tètè tán, ká tún bù ú, kó tún tán, ká tún bù ú, kí ìjókòó lè pẹ́. Abọ́ tó kún dénu, ohun kan ṣoṣo ló ń wí: mu èyí, kí o dìde, ọ̀rọ̀ rẹ ti sú wa, má sì padà wá. Ọmọdé tí ò tíì lè di ìdí aṣọ rẹ̀ mọ ìyẹn.

Zebiniso wo abọ́ náà. Kò tiẹ̀ sí ẹni tó lé òun báyìí nígbà àkọ́kọ́! Síbẹ̀, a kì í kọ ohun tí àgbà bá fi ọwọ́ méjì fúnni. Ó gbé e, ó mu ún gbóná-gbóná títí dé ìsàlẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń ta. Ó dìde, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó dúpẹ́, ó sì jáde. Màdáámù Remedios ya ẹnu sílẹ̀, ìkòkò tíì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ti parí?" ni Bibi bèèrè lórí bẹ́ǹṣì. "Mi ò tíì jókòó dáadáa."

"Wọ́n lé mi."

"Ta ló lé ọ?"

"Wọ́n fún mi ní tíì."

"Tíì ti di lílé láti ìgbà wo?"

"Ó kún, Bibi."

Bibi sún mọ́ ọn. Ó rọra bi í pé, "Ó kún báwo?"

"Ó kún dénu. Ó ṣàn sórí tábìlì."

Ìyá àgbà dìde. Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó kọjú sí ilé náà. Zebiniso di etí aṣọ rẹ̀ mú. "Bibi, ẹ má lọ! Ẹ jọ̀ọ́! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí n ó fi darúgbó ni?" Ta ló ń gbọ́? Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà na ọwọ́, ó ní, "Ìyá, ibi ìdánwò nìyí."

"Èmi náà ní ẹni tí mo wá dán wò," ni Bibi wí, ó sì kọjá lábẹ́ apá rẹ̀.

Ó wọlé bí ìjì. Ó dúró síwájú tábìlì, ó na ìka. "Ìwọ obìnrin yìí, kí ni ọmọ mi fi ṣe ọ́? Ọmọ tó bá ọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, o fi tíì lé e bí ẹni lé adìẹ nínú ọgbà! Bí kò bá mọ̀wé, sọ pé kò mọ̀wé! Ta ló bí ọ?"

Màdáámù Remedios ò gbọ́ ọ̀kankan. Ó yíjú sí Zebiniso. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni màmá ń sọ?"

"Sọ fún un!" ni Bibi pàṣẹ. "Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, má fi oyin sí i."

Zebiniso wo ìyá rẹ̀ àgbà. Ó wo Màdáámù. Gbogbo nǹkan sú u pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni ó la ẹnu, tí Sípáníìṣì sì ya jáde.

"Màdáámù, ẹ forí jì wá. Ìyá bàbá mi nìyí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kò sí ẹni tó lè dá wọn dúró, mo ti gbìyànjú. Wọ́n ń bínú torí tíì. Nílùú wa, bí ẹ bá bu tíì kún abọ́, ẹ ti ní kí àlejò máa lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jáde. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n wọlé wá bá yín jà, kò sì wù mí kí wọ́n tẹ̀ lé mi wá rárá! Láti ìgbà tí mo ti ń múra ìdánwò yìí, wọn ò jẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n fi èéfín fún mi lọ́rùn, wọ́n fi òkúta ṣúgà dí mi lẹ́nu. Mo bi bàbá kan pé báwo ni ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀fọ̀ obìnrin kan tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi! Bí mi ò bá sì gba ìwé yìí lónìí, ibi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mò ń lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn láyé!"

Kò mọ orúkọ ẹnu ìkòkò tíì ní èdè náà, ó kàn fi ìka yàwòrán rẹ̀ sí afẹ́fẹ́, ó sì ń lọ.

"Dúró," ni Bibi wí. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ò gùn tó yẹn. Kí lò ń fi kún un?"

"Mò ń ṣàlàyé ni, Bibi! Ẹ dákẹ́ ná!" Kò tiẹ̀ mí kó tó padà sí Sípáníìṣì.

Màdáámù Remedios fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọlọ́run mi! Mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Nílé wa, ahun ló ń bu abọ́ láìkún." Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà. "Àwọn méjì wà láàárọ̀ yìí... Mo fún wọn ní tíì, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Mo rò pé ẹ̀rù ló bà wọ́n!"

Zebiniso túmọ̀ rẹ̀ fún Bibi. Bibi jókòó gbì sórí àga tí kò sí ẹni tó fi lọ̀ ọ́. "Áà! Kò mọ̀ ni? Ó ń fi ẹ̀rín lé àwọn ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀? Kí làwọn tó gbà á sílé ń ṣe tí wọn ò sọ fún un? Sọ fún un pé mo ti bọ́ ìbínú mi sílẹ̀, àmọ́ kó jìnnà sí ìkòkò tíì yẹn."

Ìgbà náà ni ọkùnrin inú kọ̀rọ̀ la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́. "Àsìkò ọmọ yìí ò tíì tán," ó ní. "Èmi ò tíì gbé kálàmù mi sílẹ̀. Kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn méjì yẹn padà. Kí màmá bọ́ síta, kí a parí tirẹ̀."

Wọ́n mú Bibi dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sì kọjá ibẹ̀. Màdáámù bi Zebiniso nípa ìlú rẹ̀, ó sọ ọ́. Ó bi í nípa ọjà, nípa ilé ìwẹ̀ àtijọ́, nípa ohun tí yóò ṣe bí àlejò kan bá sọnù. Ọmọ náà ń dáhùn, ojú rẹ̀ pọ́n, ìbínú ṣì ń hó nínú rẹ̀ bí omi lórí iná. Ìbínú yẹn ti gba gbogbo yàrá inú rẹ̀, ìbẹ̀rù dé, kò ríbi wọ̀ sí.

"Sọ̀rọ̀ sókè!" ni ohùn kan wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Mi ò gbọ́!"

"Ẹ ò gbọ́ Sípáníìṣì, Bibi!"

"Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ ni!"

Ọkùnrin inú kọ̀rọ̀ fi ìwé bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tí oòrùn yí sẹ́yìn ilé, wọ́n jáde wá ka orúkọ àwọn tó yege. Rustam wà níbẹ̀. Ó ní òun ń kọjá lọ ra èédú ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà èédú kò gba ibẹ̀ rárá. Wọ́n ka orúkọ kan, wọ́n ka òmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí tíì lé jáde láàárọ̀ gbọ́ tirẹ̀, ó fò sókè. Zebiniso di ọwọ́ Bibi mú títí egungun fi ń dún. "O ń fọ́ mi lọ́wọ́," ni Bibi wí. Wọ́n wá pe Zebiniso, ọmọ Rustam.

Rustam wú ikọ́. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ó dáa," ó ní. Ó tún sọ pé, "N ó bá àǹtí rẹ sọ̀rọ̀." Lẹ́yìn náà ló yí ẹ̀yìn padà, ó fi apá aṣọ nu ojú, ó ní eruku ló kó sí i.

Nílé, àwọn obìnrin ti gbé ìkòkò bàbà ńlá kaná láti ọ̀sán, torí Àǹtí Muazzam ní bó yege, bó féèlì, ènìyàn á jẹun. Nígbà tó jẹ́ pé ìdánwò ti parí, tí kò sí ẹni tó lè pe oúnjẹ ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ mọ́, Bibi fa Màdáámù Remedios àti ọkùnrin inú kọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó kó àwọn méjì ti àárọ̀ mọ́ wọn, ó dà wọ́n sínú agbo-ilé. Wọ́n da ìrẹsì sórí àwo ńlá pẹrẹsẹ, kárọ́ọ̀tì àti rẹ́síìnì lórí rẹ̀, ẹran àgùntàn lókè pátápátá, òróró ń dán lára rẹ̀. Bobo Shokir bi Màdáámù pé báwo ni ìyá rẹ̀. Zebiniso túmọ̀ rẹ̀. Màdáámù ní ìyá òun wà láàyè, ó sì máa ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n wo Bibi.

"Kí lẹ̀ ń wò?" ni Bibi wí, ẹnu rẹ̀ kún. "Zebi, ìgbà wo ni wọ́n tún ń ṣe ìdánwò yẹn? Mo fẹ́ lọ ṣe é. Mo ti rí i pé kò le."

Zebiniso fi orí lé eékún, ó ń kérora. Àwọn obìnrin ti gbé orin:

*Ẹ bu ìrẹsì sí i, ẹ má jẹ́ ká sùn pẹ̀lú ebi,*
*Ẹni tó sunkún ti rẹ́rìn-ín, ẹni tó bínú ti jẹun.*
*Ẹran wà fún àgbà, egungun wà fún ológbò,*
*Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ọmọ wa, ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ.*

Wọ́n jẹ títí àwo fi mọ́. Màdáámù gba búrẹ́dì méjì lọ́wọ́ lọ, Bobo Shokir gba ti ìyàwó rẹ̀, àwọn méjì ti àárọ̀ lọ pẹ̀lú àpò èso gbígbẹ tí wọn ò tiẹ̀ bèèrè. Kálukú kọrin dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ikùn rẹ̀ kún, ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ dìde, ẹ gbọn kóró èso kúrò lára aṣọ. Oúnjẹ ń bẹ nílé, ẹ lọ jẹ ẹ́ kó tó tutù.